Ìlà bára mu, síbẹ̀ ṣéènì ń lọ eyín: ọ̀rọ̀ táyà ẹ̀yìn alùpùpù tó wọ́ àti èyí tó sún

Àwọn tó ń gun alùpùpù máa ń fi ìdánilójú sọ pé táyà ẹ̀yìn àwọn gún. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n á ní kí ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tó wà lára fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn: ìlà kẹta lápá òsì, ìlà kẹta lápá ọ̀tún, ó bára mu, ó parí. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ṣéènì tuntun sí alùpùpù mi, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ayùn tó ń gé irin. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ka ìlà, ó pé. Mo ta epo sí ṣéènì, ariwo náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà dé. Ìgbà tí mo tú ìbòrí ṣéènì kúrò ni mo tó rí i: ojú kan ṣoṣo lára eyín irin ẹ̀yìn tí ṣéènì ń wọ̀ ń dán bíi dígí, ojú kejì ṣì dúdú bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á.

Mo wá fi igi wọ̀n ọ́n. Àwọn ìlà yẹn bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá òsì ásùlù fi mìlímítà 2 wà lẹ́yìn ju apá ọ̀tún lọ. Ìlà ló ń parọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára, torí mò ń rí àwọn tó ń pààrọ̀ ṣéènì léraléra, tí wọ́n ń bínú sí ẹni tó tà á fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń jẹ wọ́n lówó kò nípọn ju èékánná lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ tí màá máa lò. Fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni irin alápá méjì tó gbá táyà ẹ̀yìn mú. Bóòtù gígùn kan ló de iwájú rẹ̀ mọ́ ara alùpùpù, ibẹ̀ ló ti ń lọ sókè sódò. Ásùlù ni irin roboto tó gba àárín táyà kọjá láti apá kan fọ́ọ̀kì dé èkejì. Irin eléyín ni èyí tí ṣéènì ń wọ̀: kékeré wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ńlá wà lẹ́yìn lára táyà. Bóòtù ìfà ni méjì kékeré tó wà ní ìparí apá fọ́ọ̀kì, tí a fi ń fa ásùlù sẹ́yìn bí ṣéènì bá ti dẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ èèyàn lójú ni pé àìsàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Méjèèjì la máa ń pè ní “táyà ò gún.” Àkọ́kọ́ ni kí táyà wọ́, ìyẹn ni pé ásùlù kò dábùú dáadáa, apá kan rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn ju èkejì lọ, iwájú táyà sì wá ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ya ọrùn. Èkejì ni kí táyà sún. Èyí kò ya ọrùn rárá. Ó ń wo ọ̀ọ́kán bó ṣe yẹ, àmọ́ odindi rẹ̀ ti kúrò ní ipò rẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bóòtù ìfà lè wo táyà tó wọ́ sàn. Kò lè ṣe ohunkóhun fún táyà tó sún. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa yí bóòtù láti àárọ̀ dalẹ́, á sì wá fi wíwọ́ kún sísún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí mìlímítà 1 péré ń dá sílẹ̀. Ká ní àlàfo àárín apá méjèèjì fọ́ọ̀kì jẹ́ mìlímítà 200. Bí ásùlù bá fi mìlímítà 1 wà lẹ́yìn lápá kan, ìlà tí irin eléyín ẹ̀yìn ń wò yóò ti fi bíi mìlímítà 3 yà kúrò lójú ọ̀nà nígbà tó bá fi máa dé ibi irin eléyín iwájú, bí àárín irin méjèèjì bá tó mìlímítà 550. Tó bá fi máa dé ibi táyà iwájú, tí ó sábà máa ń wà ní bíi mìlímítà 1300 sí i, ó ti di mìlímítà 6 àtààbọ̀. Ìlọ́po méjì gbogbo rẹ̀ ni tèmi.

Kí ló dé tí ìlà fi ń parọ́? Ìdí pọ̀. Ìlà fúnra rẹ̀ nípọn, ibi tí ojú ẹni bá sì wà ló ń pinnu ibi tó dà bíi pé ó dé. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ihò tí ásùlù gbà kọjá nínú irin tí bóòtù ìfà ń fà tóbi ju ásùlù lọ díẹ̀. Àwọn mìíràn, ẹ̀rọ tó tẹ ìlà sí i lára kò tẹ̀ ẹ́ síbi kan náà lápá méjèèjì. Bí alùpùpù bá sì ti ṣubú rí, tí apá fọ́ọ̀kì kan ti tẹ̀ díẹ̀, ìlà tó wà lára rẹ̀ ti bá a lọ. Mo ṣì máa ń wo ìlà o, àmọ́ láti mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni, n kì í fi ṣe ẹ̀rí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ gbé alùpùpù sórí sítáǹdì tó máa jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ sì yọ ọ́ kúrò ní jíà. Ọwọ́ la fi ń yí táyà. Àwọn kan máa ń ki í sí jíà kí ẹ́ńjìnnì máa yí i fún wọn bí wọ́n ṣe ń nu ṣéènì. Ìka ọwọ́ tí ṣéènì bá gbé wọ àárín eyín kò ní jáde ní odindi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí eyín ti ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ nu irin eléyín ẹ̀yìn mọ́ tónítóní, ẹ tan iná sí i láti òkè, ẹ wo ojú ìta eyín, ẹ wo ojú inú rẹ̀. Bí ojú méjèèjì bá ń dán bákan náà díẹ̀díẹ̀, kò sí ìyọnu. Bí ọ̀kan bá dán, tí ìka yín tilẹ̀ ń mọ̀ ọ́n bí ibi tí ọ̀bẹ ti há a, tí èkejì ò ní nǹkan kan, ṣéènì ti ń fi ìhà kan rọ́ lára rẹ̀. Ẹ yí ṣéènì náà síta, kí ẹ wo inú àwọn pátákó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ̀ ń rí ojú ọgbẹ́ kan náà níbẹ̀. Àmọ́ o, eyín tó ti tẹ̀ síwájú bí ìkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ìyẹn. Ṣéènì tó ti gùn ló ń fà á, kò sọ nǹkan kan nípa pé táyà wọ́ tàbí kò wọ́.

Ẹ wá ṣí ìbòrí irin eléyín iwájú. Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí táyà bá kàn wọ́ ni, irin eléyín ẹ̀yìn nìkan ló yí ojú. Ipò rẹ̀ kò kúrò, nítorí náà ṣéènì fúnra rẹ̀ ṣì ń lọ tààrà bá ti iwájú. Ti ẹ̀yìn á fara gbọgbẹ́, ti iwájú á wà ní mímọ́. Ṣùgbọ́n bí táyà bá sún, ṣéènì ní láti gba ọ̀nà ìdágẹ̀rẹ̀ lọ láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì máa ń há irin méjèèjì, ní ojú tó dojú kọ ara wọn. Bí ó bá há ojú ìta lẹ́yìn, ojú inú ni yóò há níwájú. Lára alùpùpù tèmi, ojú ìta lẹ́yìn ń dán, kò sí nǹkan kan níwájú. Ṣéènì wà lápá òsì, apá òsì náà ló wà lẹ́yìn jù. Ó bá ìṣirò mu láìkù síbì kan.

Ìgbà tí ẹ bá ti rí èyí ni kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ohun èlò tí mo fẹ́ràn jù kò ju igi tó gún kan àti ìṣó méjì lọ. Ẹ kan ìṣó àkọ́kọ́ mọ́ ìparí igi, kí orí rẹ̀ tó mú yọ síta dáadáa, kó lè ré kọjá ohun tó bá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀kì. Ẹ fi ẹnu ìṣó yìí sí àárín gbùngbùn bóòtù tó de iwájú fọ́ọ̀kì mọ́ ara alùpùpù. Ẹ wá kan ìṣó kejì sí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò ti bọ́ sí àárín gbùngbùn ásùlù. Ọ̀pọ̀ ásùlù ló ní ojú kékeré tó jin díẹ̀ ní àárín orí rẹ̀, ẹnu ìṣó á wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ gbé igi náà lọ sí apá kejì láìyí ìṣó padà. Bí ìṣó méjèèjì bá wọ ojú wọn, ásùlù dábùú. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù tàbí tó bá kọjá, iye tó fi ṣẹ́ kù ni iye tí táyà fi wọ́. Mo máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́, torí ọwọ́ ènìyàn kì í dúró sójú kan, n kì í sì í fi í sílẹ̀ bí ìyàtọ̀ bá ṣì ju ìdajì mìlímítà lọ.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tí páìpù èéfín ò jẹ́ kí igi rẹ̀ kọjá. Ẹ mú irin gbọọrọ tó gún régé, ẹ fún un mọ́ ojú irin eléyín ẹ̀yìn kó máa tọ́ka síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì. Ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ di ojú kan, kí ẹ wò ó láti òkè. Àlàfo tó wà láàárín irin àti ṣéènì gbọ́dọ̀ rí bákan náà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Bí wọ́n bá ń súnmọ́ra tàbí tí wọ́n ń jìnnà síra bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú, nǹkan kan ò gún. Ọ̀nà yìí á sọ fún yín pé àìsàn wà. Kò ní sọ èwo ni nínú méjèèjì. Eyín iwájú ló máa sọ ìyẹn.

Gbogbo èyí, láàárín irin eléyín méjèèjì ni o. Ọ̀rọ̀ táyà ẹ̀yìn àti táyà iwájú tún yàtọ̀, okùn la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn dáadáa, ẹ fi àárín rẹ̀ yí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ká, kí ẹ fa ẹnu rẹ̀ méjèèjì gba ọ̀tún àti òsì lọ síwájú, kó ré kọjá táyà iwájú, kí ẹ so wọ́n mọ́ ohun méjì tó wúwo. Kí alùpùpù dúró ṣánṣán, kí okùn má sì kan ohunkóhun lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún àwọn ohun wúwo náà díẹ̀díẹ̀ títí okùn yóò fi fara kan ẹ̀gbẹ́ iwájú rọ́bà táyà ẹ̀yìn. Kó fara kàn án ni o. Bí ó bá ti tẹ̀ lára rọ́bà, ẹ ti fà á jù.

Táyà iwájú sábà máa ń tín-ín-rín ju tẹ̀yìn lọ, nítorí náà àlàfo máa wà láàárín òun àti okùn. Ẹ rọra yí ọwọ́ alùpùpù títí àlàfo tó wà níwájú táyà yìí àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Ní báyìí, ẹ fi rúlà wọn ọ̀tún, ẹ wọn òsì. Bí wọ́n bá bára mu, inú yín lè dùn. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ wo ọwọ́ alùpùpù: bí ó bá gún, táyà ẹ̀yìn sún ni, bí ó bá jẹ́ pé ẹ ní láti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àlàfo tó dọ́gba, táyà ẹ̀yìn wọ́ ni, àfi bí ọwọ́ alùpùpù fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀ níbi ìṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń sọ pé àwọn ní láti di ọwọ́ alùpùpù mú ní ìdágẹ̀rẹ̀ kó tó lọ tààrà.

Nígbà mìíràn, okùn á ní táyà sún, ṣùgbọ́n eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn á mọ́ láìlábàwọ́n. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Bí táyà bá jẹ́ onísípókù, ó lè jẹ́ pé ẹni tó fa sípókù rẹ̀ fa apá kan ju èkejì lọ, rímù (irin tí rọ́bà jókòó lé) wá kúrò ní àárín họ́bù (àárín táyà tí ásùlù gbà kọjá). Ṣéènì ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, ara họ́bù ni irin eléyín wà. Àwọn alùpùpù kan sì wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé táyà ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà díẹ̀. Ìwé tó bá alùpùpù wá ni kí ẹ wò kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́.

Táyà tó sún lóòótọ́, láti ibi ìtúpalẹ̀ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Búṣì, ìyẹn irin roboto kéékèèké tó wà lórí ásùlù lọ́tùn-ún àti lósì táyà, kì í fìgbà gbogbo gùn bákan náà. Wọ́n bọ́ táyà láti lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kánjú, wọ́n fi ti ọ̀tún sí òsì, ásùlù wọlé láìjanpata, nọ́ọ̀tì fún dáadáa. Odindi táyà ti sún, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Irin eléyín iwájú náà lè ní ìtẹ́lẹ̀ tó yọ síta lójú kan ṣoṣo. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ṣéènì á kúrò ní ipò ní mìlímítà mélòó kan. Béárìn (òun ló ń jẹ́ kí táyà máa yí geere lórí ásùlù) tí kò jókòó dé ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ lè ṣe irú ẹ̀. Èmi, ṣáájú kí n tó tú táyà, mo máa ń ya fọ́tò apá méjèèjì, mo sì máa ń to búṣì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra wọn.

Àwọn ẹlẹ́tàn wà pẹ̀lú, ìyẹn àwọn nǹkan tó máa ń ṣe bíi pé táyà ò gún nígbà tí táyà gún. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà ẹ̀yìn mú, ẹ mì í. Bí ó bá ń mì kokoko, béárìn ti lọ. Ẹ di ìdí fọ́ọ̀kì mú, ẹ tì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ń ṣeré, búṣì tó wà níbi bóòtù iwájú rẹ̀ ti jẹ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fa ásùlù gún lórí ohun tí kò dúró. Ẹ di irin eléyín ẹ̀yìn mú, ẹ fà á síta, ẹ tì í wọlé. Àwọn rọ́bà tó wà nínú họ́bù, tí wọ́n ń gba ìjà ẹ́ńjìnnì sára, máa ń gbó, irin eléyín á wá máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí alùpùpù bá ń fà, á sì padà gún nígbà tó bá dúró. Ìyẹn ló ń ya àwọn tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu jù: lórí sítáǹdì, gbogbo rẹ̀ gún régé. Igi wọ́rọ́kọ́ ló ń da iná rú. Ẹ kọ́kọ́ fa igi náà jáde.

Ṣéènì tó ti gbó gan-an pàápàá máa ń tàn wá. Ó ti rọ̀, ó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa fi ojú wò ó gún. Ẹ fà á le, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì kìíní (píìnì ni irin kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀) dé àárín píìnì kọkànlélógún. Fún ṣéènì 428 (nọ́ńbà tí a fi ń mọ ìwọ̀n ṣéènì nìyẹn), mìlímítà 254 ló yẹ kó jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun. Fún 520, 525 àti 530, ó jẹ́ 317.5. Ìwé alùpùpù yín ló máa sọ òpin rẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń wà láàárín ìdá 1 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 254 bá ti di 259, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irin eléyín méjèèjì.

Àtúnṣe táyà tó wọ́ kò le. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ásùlù. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù, ẹ dẹ bóòtù irin tó dá a dúró mọ́ fọ́ọ̀kì náà. Ẹ wá ibi tí ṣéènì ti le jù, nípa yíyí táyà díẹ̀díẹ̀, torí ṣéènì kì í dẹ̀ bákan náà yíká. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó máa ń wà láàárín mìlímítà 25 sí 35 lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ojú títì, ti àwọn tó ń gun òkè àti ẹrẹ̀ sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi bóòtù ìfà apá ṣéènì mú un dé ìwọ̀n yìí, kí ẹ sì fi bóòtù apá kejì mú ásùlù dábùú, pẹ̀lú igi oníṣòó yẹn. Ẹ má kánjú o. Lára bóòtù M8 (èyí tó nípọn ní mìlímítà 8) tó wọ́pọ̀, odindi ìyípo kan jẹ́ mìlímítà 1.25, ojú kan nínú mẹ́fà orí nọ́ọ̀tì sì jẹ́ bíi 0.2.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí a bá ń fún nọ́ọ̀tì ásùlù padà. Bí sípánà ṣe ń fà á, ásùlù máa ń yọ́ rìn, gbogbo ìwọ̀n yín á sì lọ. Ẹ ká aṣọ àkísà kan, ẹ fi sí àárín ìsàlẹ̀ ṣéènì àti irin eléyín ẹ̀yìn, kí ẹ yí táyà síwájú títí aṣọ yóò fi há níbẹ̀. Ṣéènì á fa ásùlù síwájú, á gún un mọ́ bóòtù ìfà méjèèjì, kò ní rí ibi rìn. Ẹ fún nọ́ọ̀tì náà bó ṣe wà yẹn, dé ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù sọ. Ẹ yọ aṣọ, ẹ tún gbé igi oníṣòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wá yí táyà síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa wo bí eyín ṣe ń wọ inú ṣéènì. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó wà lọ́tùn-ún eyín, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan lósì rẹ̀, bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá. Tèmi ń kọjá bẹ́ẹ̀ láìgbin lọ́jọ́ tí mo tún un ṣe, ìlà ara fọ́ọ̀kì kò sì bára mu mọ́. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà tuntun síbẹ̀. Ẹ de irin tó dá bíréèkì dúró padà kó fún, kí ẹ sì tẹ bíréèkì ẹ̀yìn wò kí ẹ tó gùn ún jáde, torí bí táyà bá ti lọ sẹ́yìn, ibi tí bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ti ń mú ti yí padà.